Ellsberg: ọmọ inú ilé tó tú àṣírí ogun

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí iṣẹ́ onímọ̀ ètò ààbò lè fojú èèyàn rí, kó wo Daniel Ellsberg ti Amẹ́ríkà. Kì í ṣe ará ìta o. Ó ti jẹ ọ̀gá ológun rí, ó gba PhD ní Harvard, ó ṣiṣẹ́ ní RAND àti Pentagon, ó sì lo bí ọdún méjì ní Vietnam.

Ohun tó rí níbẹ̀ àti ohun tí ìjọba ń sọ fáráàlú ò bára mu. Ìwé àṣírí bíi 7,000 ojú ewé fi hàn pé àwọn aláṣẹ mọ̀ pé ogun náà le ju bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ, síbẹ̀ wọ́n ń kó ọmọ ọlọ́mọ lọ. Ellsberg ṣe fọ́tókọ́pì ẹ̀ ní 1969. New York Times gbé e jáde ní 1971.

Ẹ̀wọ̀n ọdún 115 ló ń wò ó lójú. Àmọ́ àṣírí tú pé àwọn èèyàn Nixon fọ́ ọ́fíìsì dókítà ọpọlọ ẹ̀, ni adájọ́ bá da ẹjọ́ nù ní 1973.

Ọ̀pọ̀ ló mọ ohun tí Ellsberg mọ̀, wọ́n kàn dákẹ́ ni. Tẹ́ ẹ bá tún rí onímọ̀ ètò ààbò lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ bi ara yín: ṣé eléyìí lè sọ ohun tí ẹni tó ń sanwó fún un ò fẹ́ gbọ́?