Ẹ Gba Àgékù Aṣọ Yín Lọ́wọ́ Télọ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin tí ẹ kì í gbẹ́yìn nídìí aṣọ ẹbí, ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, ẹ̀yin télọ̀ àti ọmọ ìkọ́ṣẹ́ yín, ọ̀rọ̀ àgékù aṣọ ni mo bá wá.

Ẹni tó ra ankara yáàdì mẹ́fà, yáàdì mẹ́fà ló sanwó fún. Nígbà tí télọ̀ bá gé ọrùn, tó gé abẹ́ apá, àwọn ègé tó kù á bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Nírọ̀lẹ́, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ á gbá wọn jọ sínú àpò, ó di ààtàn. Owó yín ni wọ́n gbá dànù yẹn. Ọ̀pọ̀ wa máa ń gba aṣọ tí wọ́n rán, a ó wọ̀ ọ́ wò bóyá ó bá wa mu, a ó sì bá tiwa lọ láìbéèrè ìyókù. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè.

Bí àgékù náà bá jẹ́ òwú, ilẹ̀ á jẹ ẹ́ bó pẹ́ bó yá. Ṣùgbọ́n inú epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń mú poliẹ́sítà jáde, èyí tó kún inú léèsì àti ṣífọ́ọ̀nù tí à ń wọ̀ lónìí, ilẹ̀ kì í sì í tètè jẹ ẹ́. Bí òjò bá gbé e wọ gọ́tà, ó lè dí ọ̀nà omi. Bí a bá dáná sun ún, á máa yọ́ bí ọ̀rá, èéfín rẹ̀ kò sì dára fún ẹnikẹ́ni láti fà símú.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní aláìní ló ń lẹ aṣọ mọ́ aṣọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ẹ wo ẹ̀kú eégún: aṣọ oríṣiríṣi ni wọ́n tò lé ara wọn, ìdílé a sì máa fi tuntun kún ti àtijọ́ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Bí aṣọ náà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni iyì rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ní Gee's Bend, ní ìpínlẹ̀ Alabama l'Amẹ́ríkà, àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú, ìran àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú, fi aṣọ oko tó ti gbó àti àgékù rán aṣọ ìbora nítorí òtútù. Lọ́dún 2002, ilé ọnà ńlá kan ní Houston pàtẹ àwọn aṣọ ìbora náà. Lọ́dún 2006, àwòrán wọn wà lára sítám̀pù Amẹ́ríkà.

Bí àgékù bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ ṣà á sọ́tọ̀. Ẹ fa fọ́nrán kan yọ, kí ẹ fi iná ìṣáná kàn án lórí abọ́ irin, níbi tí ọmọdé kò sí. Òwú á jó bíi bébà, eérú rẹ̀ á sì rọ̀. Poliẹ́sítà á yọ́, á wá le bí ìlẹ̀kẹ̀. Òwú nìkan ni kí ẹ fi ṣe ohun tí ẹ ó máa fi gbé ìkòkò gbígbóná, torí poliẹ́sítà lè yọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ gé poliẹ́sítà wẹ́wẹ́, kí ẹ kì í sínú ìrọ̀rí ìjókòó.

Ẹ fọ òwú kí ẹ tó rán an, pàápàá àdìrẹ, torí òwú tuntun máa ń sún kì, aró sì lè ràn mọ́ ìyókù. Bó bá gbẹ, ẹ lọ̀ ọ́. Ẹ gé páálí ní íńṣì 5 níbùú lóròó, kí ẹ máa fi wọn àwọn ègé náà. Ẹ rán wọn pọ̀ ní ìlà-ìlà, kí ojú ìrán gba ìdámẹ́rin íńṣì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ègé mẹ́wàá níbùú, méjìlá lóròó, ìyẹn 120 lápapọ̀, á di aṣọ ìbora ọmọ tó fẹ̀ tó nǹkan bí íńṣì 45, tó gùn tó 54. Ẹ fi ìró àtijọ́ tẹ́ ẹ nídìí. Ẹni tí kò ní máṣíìnì lè fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán an díẹ̀díẹ̀. Bí àgékù yín kò bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó tó fún òṣùká, báàgì ọjà tàbí rọ́bà irun ọmọbìnrin.

Ẹ̀yin télọ̀, ẹ so àpò méjì kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan fún òwú, ọ̀kan fún poliẹ́sítà. Bí oníbàárà kò bá gba tirẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ fi kọ́ bí a ti ń rán ojú ìrán gúnrégé. Ẹ̀yin ẹbí tó dá aṣọ kan náà fún ìgbéyàwó, ẹ kó àgékù gbogbo yín jọ, kí ẹ fi rán aṣọ ìbora fún ọmọ tí Ọlọ́run bá fún tọkọtaya náà.

Nígbà mìíràn tí ẹ bá gbé aṣọ lọ fún télọ̀, ẹ sọ ọ́ kó tó fi sísọ́ọ̀sì kàn án: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kó àgékù rẹ̀ pamọ́."