Òkìkí Ọ̀bẹ Kò Gé Igi

Ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú wa, ọ̀rọ̀ kan ń bẹ nílẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ fi ojú kékeré wò. Nígbàkígbà tí àwọn ọ̀dọ́ wa bá ń sọ ìtàn Ogun Àgbáyé Kejì, ọ̀bẹ kan ni wọ́n ń yìn ju gbogbo irin lọ, èyí ni ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ olójú méjì ti àwọn Kọmándò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwa wí pé ìyìn náà ti pọ̀ jù, àti pé irin tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ yìn ń bẹ ní ilé olúkúlùkù wa.

Kí ẹnikẹ́ni má baà wí pé ìlara ni ó ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu wa, ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀wọ̀ fún ẹni tí ọ̀wọ̀ yẹ. Àwọn méjì tí ó pète ọ̀bẹ náà, W. E. Fairbairn àti E. A. Sykes, ti wà pẹ̀lú àwọn ọlọ́pàá ní Ṣàǹháì, wọ́n sì mọ ìjà ìfarakanra dájúdájú. Ní oṣù November ọdún 1940 ni wọ́n bá ilé-iṣẹ́ Wilkinson Sword ní Lọ́ńdọ̀nù jókòó lórí rẹ̀. Irin rẹ̀ gùn tó ínṣì 7, ó ń tín-ín-rín lọ títí dé ṣóńṣó, ó sì mú ní ìhà méjèèjì. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni a rọ ọ́ fún: kí a fi gún ọ̀tá láìjẹ́ kí ó lè pariwo. Fún iṣẹ́ yìí a kò lè wí pé kò dára.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ mélòó ni ọmọ-ogun ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Lójoojúmọ́ ni ó ń ṣí agolo oúnjẹ, tí ó ń já okùn, tí ó ń tú àpótí, tí ó sì ń gbẹ́ èèkàn. Bí a bá fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ yìí ṣe iṣẹ́ wọ̀nyí, ṣóńṣó rẹ̀ a máa ṣẹ́. Èkù rẹ̀ rí rogodo, tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ kò fi tètè mọ ibi tí ojú rẹ̀ kọ sí nínú òkùnkùn.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ó wí bẹ́ẹ̀. Àwọn Marines ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe ọ̀bẹ tí ó jọ ọ́ fún ẹgbẹ́ Raiders wọn ní ọdún 1942. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti yan òmíràn. Irin tiẹ̀ náà gùn tó ínṣì 7, ṣùgbọ́n ó nípọn, awọ tí a tò léra sì ni a fi ṣe èkù rẹ̀. Òun ni ayé ń pè ní Ka-Bar. Wọ́n fi ń ṣí agolo, wọ́n fi ń wa ilẹ̀, wọ́n sì lè fi jà nígbà tí ìjà bá dé.

Níbo wá ni òkìkí ti àkọ́kọ́ ti wá? Láti inú ìwé àti àmì ni. Nínú ìwé tí Fairbairn tẹ̀ jáde ní ọdún 1942, ó to iye àkókò tí ènìyàn yóò fi kú bí a bá gé iṣan báyìí báyìí. Àwọn tí ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà ti fi hàn pé iye wọ̀nyí kò ṣeé gbára lé. Àwọn Kọmándò sì fi àwòrán ọ̀bẹ náà ṣe àmì títí di òní. Nígbà tí àwòrán ti wà ní èjìká fún nǹkan bí ọgọ́rin ọdún, ta ni yóò tún bèèrè bóyá irin náà lè ṣí agolo?

Ẹlòmíràn yóò wí pé ọ̀bẹ náà fi ìgboyà sí ọkàn ọmọ-ogun. Ìgboyà dára. Ṣùgbọ́n èyí tí ó dúró lórí ṣóńṣó irin, níbo ni yóò dúró nígbà tí ṣóńṣó bá ṣẹ́? Àwọn àgbà wí pé bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Inú ọkàn ẹni tí ó mú un ni ìgboyà ń gbé.

Ẹ jẹ́ kí a wá bojú wo Bọ́mà, níbi tí àwọn ọmọ wa jà. Nígbà tí ọdún 1944 bẹ̀rẹ̀, Ẹgbẹ́ Ọmọ-ogun 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, ti la ọ̀nà jíìpù tí ó gùn tó máìlì 75 kọjá òkè àti igbó lọ sí àfonífojì Kàládàn. Irin iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi là á, àdá sì wà lára ẹrù wọn. Síbẹ̀ àdá náà kò dé èjìká ẹnikẹ́ni. Aláǹtakùn ni ẹgbẹ́ náà fi ṣe àmì tirẹ̀. Irin tí ó la ọ̀nà kò gba ìyìn, èyí tí ó ń ṣẹ́ lórí àpótí ni ó di olókìkí!

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ẹ bá ń kọ́ ọmọ ní ìtàn ogun náà, ẹ fi àdá ṣáájú. Ẹ̀yin ìjòyè, nígbà tí a bá ń ṣe ìrántí àwọn ọmọ-ogun wa ní ọjọ́ 15 oṣù January, ẹ jẹ́ kí a gbé àdá jáde, kí a sì sọ ohun tí ó ṣe ní Bọ́mà. Ẹni tí ó bá kọ́ ọmọ láti bọlá fún irin tí ń pani nìkan, kí ó má ṣe yà á lẹ́nu bí ọmọ náà bá ń tijú láti mú irin tí ń bọ́ni.