Olóbi Ọmọ Kì í Ṣe Ìdọ̀tí

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí jẹ́ èyí tí àwọn àgbà kì í sábà sọ ní gbangba. Ọ̀rọ̀ olóbi ọmọ ni.

Láyé àwọn baba wa, bí aboyún bá bímọ, ọkàn ẹnikẹ́ni kì í balẹ̀ títí olóbi yóò fi wálẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé, wọn a gbé e sínú ìkòkò titun, wọn a sì rì í mọ́lẹ̀ ní àyíká ilé, níbi tí ajá tàbí ọ̀tá kò lè dé. Wọ́n gbà pé ohun tí ó bá ṣe olóbi lè ṣe ọmọ. Orúkọ àmútọ̀runwá pàápàá jẹ́rìí sí i pé wọn kò fojú tín-ín-rín nǹkan wọ̀nyí. Ọmọ tí ó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé ni Òjó tàbí Àìná. Èyí tí awọ fẹ́lẹ́ bo orí rẹ̀ ni Sàlàkọ́ tàbí Tàlàbí.

Lónìí, ilé ìwòsàn ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń bímọ sí. Níbẹ̀, pàǹtírí ni wọ́n ka olóbi sí. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí a bá pín pàǹtírí ilé ìwòsàn sí ọ̀nà 100, nǹkan bí 85 kò léwu ju ti inú ilé wa lọ. Nǹkan bí 15 ni ó léwu. Olóbi wà lára àwọn tí ó léwu, nítorí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ lè gbé àrùn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń sun ún, tàbí kí wọ́n sọ ọ́ sínú kòtò jíjìn tí a bo ẹnu rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìwòsàn wà nínú ohun tí a ń sọ nù yìí. Ní ọdún 1910, John Davis, oníṣẹ́-abẹ ará Amẹ́ríkà, fi awọ fẹ́lẹ́ tí ó ń bo ọmọ nínú oyún bo ojú egbò. Ní ọdún 1940, oníṣègùn de Rötth fi irú awọ bẹ́ẹ̀ tún ojú aláìsàn ṣe, àwọn oníṣègùn ojú sì ń lò ó títí di òní fún ojú tí kẹ́míkà bá jó. Ní ọdún 1988, ní ìlú Paris, Eliane Gluckman àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀jẹ̀ inú ìwọ́ ọmọ tuntun kan wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tí ó ní àrùn ẹ̀jẹ̀ àjogúnbá. Láti ìgbà náà, irú ẹ̀jẹ̀ yìí ti wo àwọn ọmọ kan tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde sàn. Ta ni nínú wa tí kò mọ ìdílé tí àrùn yìí ti pa lẹ́kún?

Àwọn àgbà kan yóò sọ pé bí olóbi bá bọ́ lọ́wọ́ ẹbí, àwọn oníṣẹ́ ibi lè fi ṣe oògùn owó. N kò fi wọ́n ṣẹ̀sín. Èrò tèmi ni pé kí ilé ìwòsàn bi ìyá àti bàbá léèrè kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó pé: ṣé ẹ ó gbé e lọ sílé ni, àbí ẹ yọ̀ǹda rẹ̀ fún ìwòsàn, àbí kí a bá yín sin ín? Kí a kọ èsì wọn sílẹ̀. Kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ ìyá wò fún àrùn kí a tó lò ó. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe tà á. Ohun tí a bá kọ sílẹ̀, tí ojú gbogbo sì tó, ó ṣòro fún olè láti jí i gbé.

Kí a má sì tìtorí èyí rò pé gbogbo pàǹtírí ilé ìwòsàn ni a lè tún lò. Abẹ́rẹ́ tí ó ti wọ ara ẹnìkan kò gbọdọ̀ wọ ara ẹlòmíràn mọ́.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Oníṣègùn ní ìmọ̀, àgbà ní ọ̀wọ̀. Olóbi ń fẹ́ méjèèjì. Kí a má baà fojú di olóbi ni àwọn baba wa ṣe ń rì í mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ti ọmọ rẹ̀ la ojú ọmọ ẹlòmíràn kò fojú di í.