Ẹ Má Dáná Sun Oyin

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, ṣùgbọ́n n ó pàtẹ tèmi lónìí, kí ẹni tí ó bá fẹ́ rà á rà á. Ọ̀rọ̀ oyin ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ kọ́kọ́ wo ọgbọ́n tí ó wà nínú èdè wa. Òyìnbó ní orúkọ ọ̀tọ̀ fún kòkòrò tí ń fò, ó sì ní òmíràn fún adùn tí kòkòrò náà ń pèsè. Yorùbá kò ṣe bẹ́ẹ̀. Oyin ni ó ta mí, oyin náà ni mo lá. Bí a bá fẹ́ yà wọ́n sọ́tọ̀, a ó sọ pé kòkòrò oyin, tàbí afárá oyin, tàbí ìda oyin, ṣùgbọ́n orí orúkọ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn jókòó lé. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ wọ́n wa. Ohun tí èdè wa ń sọ ni pé ẹni tí ó bá pa oyin, oyin náà ni ó pa: kò lè pa kòkòrò kí adùn ṣẹ́kù.

Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí à ń ṣe. Mo ní ilé oyin méjì lẹ́yìnkùlé mi ní Mowe, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. N kò fi ṣòwò. Iṣẹ́ ìgbafẹ́ ni, bí ẹlòmíràn ṣe ń sin ẹyẹlé. Ní ìpàdé àwọn onílé àdúgbò wa tí a ṣe kọjá, ẹnìkan dìde, ó ní kí a dáná sun gbogbo ilé oyin tí ó bá wà ládùúgbò, kí a sì máa da bẹntiróòlù sí ọ̀wọ́ oyin yòówù tí ó bá bà sórí igi tàbí tí ó wọ àjà ilé. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Nínú àwọn tí ó pàtẹ́wọ́ ni a ti rí àwọn tí ó ní Oyindàmọ́lá àti Oyinkánsọ́lá nílé. Wọ́n sún ìpinnu náà sí ìpàdé tí ń bọ̀. Mẹ́ta ni àwíjàre wọn, n ó sì dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èkíní, wọ́n ní iná ni àwọn baba wa fi ń kó oyin, àti pé ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òwe náà dára, ṣùgbọ́n oyin inú àpáta ni ó ń wí. Níbo ni àpáta wà nínú àpótí tí mo fi ọwọ́ ara mi kàn? Àwọn baba wa ní igbó ńlá. Bí wọ́n bá sun ilé oyin kan, ọ̀pọ̀ ṣì wà nínú ihò igi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Àwa ńkọ́? Láti ìgbà tí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ti ṣí ní 1978, ilé ni ó ń hù ní ẹ̀bá rẹ̀ bí olú. Katapílà ti wó àwọn igi tí oyin ń fi ihò wọn ṣe ilé. Ìdí nìyí tí oyin fi ń wọ àjà ilé wa àti táńkì tí omi kò sí nínú rẹ̀. Oyin kò wá gbógun tì wá. Àwa ni a gba ilé mọ́ ọn lọ́wọ́.

Àwọn àgbà tí ó pa òwe àáké náà ni wọ́n sọ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Èyí tí a fi agbára mú nínú ilé oyin a máa bàjẹ́ pátápátá: ìyá oyin a kú, àwọn ọmọ inú afárá a jóná, eérú a sì pò mọ́ oyin tí a ń wá. Nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀, oyin kan kì í lò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 lọ láyé, gbogbo oyin tí ó sì ń pèsè títí yóò fi kú kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ṣíbí kékeré tí a fi ń ro tíì. Ẹ wá wo iye ẹ̀mí tí ń bẹ nínú ìgò kan.

Èkejì, wọ́n ní oyin a máa pani. Òtítọ́ ni, n kò sì ní jiyàn. Oyin ilẹ̀ wa le ju ti ilẹ̀ Yúróòpù lọ, àwọn ènìyàn kan sì wà tí ìtani ẹyọ kan ṣoṣo lè gba ẹ̀mí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ìlú Bràsíìlì. Ní 1956, wọ́n kó oyin ilẹ̀ Áfíríkà, ìbátan tiwa yìí, lọ síbẹ̀. Ní 1957, díẹ̀ nínú wọn jáde nínú àpótí ní ìpínlẹ̀ São Paulo, wọ́n sì tàn káàkiri. Wọ́n ta ènìyàn, wọ́n ta ẹran, ẹ̀rù ba gbogbo ayé. Àwọn olóyin Bràsíìlì wá kọ́ ìwà oyin náà: wọ́n gbé àpótí jìnnà sí ilé, wọ́n wọ aṣọ tí ó nípọn, wọ́n lo èéfín púpọ̀ sí i. Lónìí, Bràsíìlì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ń ta oyin sí òkè òkun.

Ọ̀wọ́ oyin tí ó ṣù mọ́ ẹ̀ka igi kò ní ọmọ tàbí oúnjẹ tí yóò ṣọ́; kì í sábà bínú, ó sì lè fúnra rẹ̀ lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tí ó da bẹntiróòlù sí i ni ó pe ìjà. Bí oyin bá ta ènìyàn, òórùn kan a máa jáde lára rẹ̀ tí ó jọ ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí ó pọ́n. Òórùn yìí ni ó ń fi ké sí àwọn yòókù pé ogun dé. Nítorí náà, bí àdúgbò bá fẹ́ ṣe òfin, kí wọ́n ṣe é: kí ògiri ga ju orí ènìyàn lọ, kí ẹnu àpótí má kọjú sí ọ̀nà, kí aládùúgbò mọ̀ kí a tó gbé e kalẹ̀, kí ó má sí nítòsí ilé-ìwé. Ẹni tí ilé rẹ̀ há gádígádí, kí ó gbé tirẹ̀ lọ sí oko ní ọ̀nà Ọ̀fàdà. Òfin ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, kì í ṣe iná.

Ẹ̀kẹta, wọ́n ní oyin pọ̀ lọ́jà, kí n lọ rà á. Ta ni ó mọ ohun tí ó wà nínú àwọn ìgò tí wọ́n ń nà sí wa lójú fèrèsé mọ́tò? Àwọn kan ń ti igi ìṣáná bọ̀ ọ́ láti wò ó bóyá yóò ràn. Àwọn kan ń kán an sínú omi, wọ́n ní ojúlówó ni yóò rì. Ṣúgà tí a sè tí ó ki náà a máa rì. Bí ojúlówó bá sì dì nínú ìgò, bí ọ̀pọ̀ ojúlówó ti í ṣe, wọ́n á ní ayédèrú ni. Irú ìgò tí a kò mọ orírun rẹ̀ yìí ni a fi ń ṣúre níbi ìsọmọlórúkọ, pé kí ayé ọmọ dùn bí oyin! (Kí àgbà ni ó tọ́ ọ wò o, àwọn dókítà ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ lá oyin rárá.)

Báyìí ni èmi ṣe ń kó tèmi. Àpótí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀ ni mo ń lò, irú èyí tí wọ́n gbé jáde ní Kẹ́ńyà ní àwọn ọdún 1970. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó fẹ̀ ní nǹkan bí mìlímítà 32 ni mo tò lé e lórí, afárá kan lábẹ́ igi kan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, n ó wọ aṣọ àti ìbọ̀wọ́, n ó sì fẹ́ èéfín tútù láti inú èèpo àgbọn gbígbẹ. Bí oyin bá gbóòórùn èéfín, wọ́n á rò pé iná igbó ń bọ̀, wọ́n á mu oyin yó, ìjà á sì rọ̀ nínú wọn. Afárá tí wọ́n ti fi ìda dé lẹ́nu nìkan ni mò ń gé. Èyí tí ọmọ wà nínú rẹ̀ kò kàn mí, n ó sì fi oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn. Asẹ́ ni ó kù. Ilé náà ṣì wà níbẹ̀ fún ẹ̀ẹ̀rùn tí ń bọ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, bí ọ̀wọ́ oyin bá bà sí àdúgbò yín, ẹ wá ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kó, ẹ má wá bẹntiróòlù. Bí àgbà kan bá sì pa òwe àáké fún yín, ẹ fi ọ̀wọ̀ bi í léèrè pé, “Bàbá, àpáta dà?”

Ire o.