Ẹ Má Jẹ́ Kí Iṣẹ́ Gba Ilé Mọ́ Olùkọ́ Yunifásítì Lọ́wọ́

Iṣẹ́ kì í pani, ìṣẹ́ ní í pani. Bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà máa ń wí kí ọ̀lẹ lè gbéra nílẹ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, àmọ́ ó ní ibi tó mọ. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Lágbàáyé jọ gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde: ewu àrùn rọpárọsẹ̀ tó wà níwájú ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹni tó ń ṣe wákàtí 35 sí 40 lọ. Ewu ikú àìsàn ọkàn tirẹ̀ náà sì fi ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹni yẹn lọ. Lára àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gbọ̀ngbọ̀n ni olùkọ́ yunifásítì, pàápàá nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn bá lé e wọlé tòun ti iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ìsinmi gbọọrọ ni àsìkò kòrónà jẹ́ fáwọn olùkọ́ wọ̀nyí. Ẹ jẹ́ ká rántí bó ṣe rí. Ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020 ni wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn náà ní Nàìjíríà. Kí oṣù Kẹta tó parí, ilé ẹ̀kọ́ ti wà ní títì, ìjọba sì ti kéde òfin kónílé-ó-gbélé fún Èkó, Ògùn àti Àbújá. Oṣù Kẹta yẹn náà ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tí kò parí títí di ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì. Lára ohun tó dá a sílẹ̀ ni IPPIS, ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ fẹ́ máa fi san owó oṣù. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ tí kò forúkọ sílẹ̀ lórí rẹ̀ ni kò rówó gbà fún ọ̀pọ̀ oṣù, ní àkókò tó ṣòro láti jáde lọ wá owó níbòmíràn.

Àwọn mìíràn kò dáwọ́ dúró rárá. Ní Yunifásítì Redeemer's tó wà ní Ẹdẹ, àwọn olùwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi ń darí tú àbùdá kòkòrò àrùn náà wò láti òkè délẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2020. Àwọn ló kọ́kọ́ ṣe é nílẹ̀ Áfíríkà. Àwọn olùkọ́ yunifásítì aládàáni ń kọ́ni láti inú ilé. Nígbà tó di ọdún 2021, ó kan Yunifásítì Èkó àti Yunifásítì Ìbàdàn náà láti kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àrùn náà kò sì yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀: ní ìparí ọdún 2020 ló mú Ọ̀jọ̀gbọ́n Fẹ́mi Ọ̀dẹ́kúnlé lọ, àgbà onímọ̀ nípa ìwà ọ̀daràn.

Ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ yìí rí lè má mọ ohun tó wà nínú kíkọ́ni láti ilé. Olùkọ́ á kọ́kọ́ tún ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ tò kó lè ṣeé wò lórí fóònù. Á gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, iná á lọ, á tan jẹnẹrétọ̀, ariwo jẹnẹrétọ̀ á bo ohùn náà mọ́lẹ̀, á tún un ṣe. Kíláàsì á bẹ̀rẹ̀ lórí Zoom, nẹ́tíwọọ̀kì á já. Akẹ́kọ̀ọ́ tí dátà rẹ̀ tán á ní kí wọ́n ṣàlàyé fóun lórí WhatsApp lálẹ́. Bó bá sì jẹ́ ìyá ọmọ ni olùkọ́ náà, oúnjẹ wà lórí iná, àwọn ọmọ ní tiwọn ń jà sí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó wà nílé. Owó dátà àti epo, àpò ara rẹ̀ ló sábà máa ń ti jáde.

Bí èyí bá pẹ́ lára, á di àárẹ̀ tí oorun kò lè lé lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 2019. Wọn kò pè é ní àìsàn. Wọ́n ní wàhálà ibi iṣẹ́ tí a kò bójú tó ló ń bí i. Àmì mẹ́ta ló ní: okun á tán nínú ẹni, iṣẹ́ tí a fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ á di ohun tí a ń yàn lódì, ohun tí à ń ṣe dáadáa á sì di èyí tí kò já mọ́ wa lọ́wọ́ mọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ fún iṣẹ́ ní àkókò tó máa kúrò nílé yín. Ẹ sọ fún kíláàsì láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé bí aago báyìí bá ti lù, ìbéèrè di ọ̀la. Ẹ lo ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀ níbi tí kò bá pọn dandan kí gbogbo yín rí ojú ara yín; kì í jẹ dátà tó Zoom. Ẹ lọ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín kí orí tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ yín. Bí ọkàn bá sì wúwo, ẹ sọ ọ́ fún dókítà tàbí ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán. Ipò ọ̀jọ̀gbọ́n kì í ṣe oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì.

Ẹ̀yin gíwá àti aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀yin lẹ lè ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Olùkọ́ kan kò lè dá ààlà sí iṣẹ́ bí ọ̀gá rẹ̀ bá ń pe ìpàdé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹ san owó dátà, ẹ ka wákàtí ìmúrasílẹ̀ mọ́ iṣẹ́, kí ẹ sì gba agbaninímọ̀ràn sí ilé ìwòsàn yunifásítì. Kí ìjọba náà má fi owó oṣù ṣe pàṣán nígbà àjàkálẹ̀ àrùn. Ẹni tí ebi ń pa nínú ilé títì kò ní ibi tó máa sá sí.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí olórí kíláàsì kó ìbéèrè yín jọ, kó fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ní ojúmọmọ.

Ẹnì kan á ní: nọ́ọ̀sì ńkọ́? Ọlọ́jà tí kò rí tà ńkọ́? Ìyà jẹ gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó ń du oyè pẹ̀lú wọn. Àmọ́ yunifásítì ni púpọ̀ nínú àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì wa ti jáde. Bí olùkọ́ bá wó lulẹ̀, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan lè dúró fún odindi ọdún.

Ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé kòrónà kì í ṣe ọ̀rọ̀ pàjáwìrì fún gbogbo ayé mọ́. Òmíràn ṣì lè dé. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Nítorí náà, ní ìpàdé ẹ̀ka yín tó ń bọ̀, ẹ fi ohun mẹ́ta sórí tábìlì: aago tí iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì máa parí lójoojúmọ́, ẹni tó máa san owó dátà, àti ọjọ́ tí gbogbo yín máa lọ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Ẹ kọ ìpinnu náà sílẹ̀, ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e nísinsìnyí tí ara le.