Ìrántí Ẹ̀rọ Ni Kí Ẹ Rà, Kì Í Ṣe Àpótí Rẹ̀

Mo mọ̀ pé àwọn kan wà nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tẹ́tí sí wa tó máa ń ra irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń yẹ iná wò, multimeter tàbí oscilloscope àlòkù, tí wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sílé fún àbúrò tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Tòkunbọ̀ dáadáa ni. Ohun tí a máa ń yẹ̀ wò kò ju èyí lọ: ṣé ó ń tàn? Ṣé ojú rẹ̀ kò fọ́? Ṣé wáyà rẹ̀ pé? Lójú tèmi, ibi tó yẹ ká wò kọ́ nìyẹn. Nínú ẹ̀rọ yẹn, microprocessor kan wà tó ń darí gbogbo nǹkan, àwọn nọ́ńbà kan sì wà nínú ìrántí rẹ̀. Bí àwọn nọ́ńbà yẹn bá ti lọ, àpótí lásán lẹ fi ránṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú multimeter. Microprocessor inú rẹ̀ ò mọ volt o, nọ́ńbà nìkan ló mọ̀. Nítorí náà, ẹ̀yà mìíràn ló gbọ́dọ̀ sọ iná di nọ́ńbà fún un. Ọ̀nà kan tó wọ́pọ̀ nìyí: wọ́n á jẹ́ kí iná tí a fẹ́ wọ̀n wọ inú kapasítọ̀ fún àsìkò kan pàtó, wọ́n á wá fi iná mìíràn tí a ti mọ ìwọ̀n rẹ̀ fà á jáde títí yóò fi gbẹ. Ẹ ronú nípa korobá tẹ́ ẹ gbé sábẹ́ ẹ̀rọ omi fún ìṣẹ́jú kan, tẹ́ ẹ wá ń fi ife bu omi rẹ̀ dànù, tẹ́ ẹ ń kà á. Iye ife ló máa sọ bí ẹ̀rọ omi náà ṣe ń tú tó. Bí àsìkò tí iná fi wọlé bá jẹ́ òǹkà 1000, tí iná tí a mọ̀ jẹ́ volt 1, tó sì gba òǹkà 523 kó tó gbẹ, a jẹ́ pé volt 0.523 la wọ̀n. Microprocessor ló ń ṣí ọ̀nà, tó ń tì í, tó ń gba òǹkà náà. Nígbà tẹ́ ẹ bá gbọ́ tí nǹkan ró kọ́ nínú ẹ̀rọ orí tábìlì, òun náà ni: òǹkà ti pọ̀ jù tàbí ó kéré jù, ó sì ń bọ́ sí ìwọ̀n mìíràn.

Àsìkò tí mo sọ yẹn, wọn ò kàn mú un bẹ́ẹ̀. Ní Britain àti Nàìjíríà, iná ilé ń yí lọ yí bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní Amẹ́ríkà, Kánádà, Brazil àti Cuba, ìgbà 60 ni. Ariwo iná yẹn máa ń yọ́ wọ inú wáyà tí a fi ń wọn nǹkan. Bí ẹ̀rọ bá fi odindi ìyípo kan wọn nǹkan, apá tó ń lọ sókè àti apá tó ń lọ sísàlẹ̀ á pa ara wọn rẹ́. Nítorí náà, ẹ̀rọ tó ti Chicago dé Ìbàdàn gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òun ti kó kúrò. Àwọn kan máa ń dá a mọ̀ fúnra wọn tí a bá tàn wọ́n. Àwọn mìíràn, ẹ̀yin lẹ máa yí i. (Ẹ yí 120 ẹ̀yìn rẹ̀ sí 230 náà kẹ́ ẹ tó kì í bọ iná o. Èéfín ò nílò àlàyé.)

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi dá lé gan-an nìyí. Kò sí rẹsítọ̀ méjì tó dọ́gba délẹ̀délẹ̀. Nílé iṣẹ́, wọ́n á fi iná tó péye wọ inú ẹ̀rọ, wọ́n á wo bó ṣe ṣì í tó, wọ́n á sì kọ àtúnṣe rẹ̀ sínú ìrántí. Gbogbo ìgbà tó bá wọn nǹkan, microprocessor á fi àtúnṣe yẹn kún un. Ìyá tó ń ta gàrí, tó mọ̀ pé ìdí kóńgò òun ti wọnú, tó sì jẹ́ olóòótọ́, á máa fi ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Ẹ̀kúnwọ́ yẹn ló wà nínú ìrántí ẹ̀rọ.

Nínú àwọn ẹ̀rọ tó lórúkọ láti ìparí àwọn ọdún 1980, bí HP 3458A àti Tektronix 2465B, inú chip tó ní bátìrì kékeré lára ni wọ́n kọ ọ́ sí. Wọ́n ṣe irú chip bẹ́ẹ̀ kó lè pa ìrántí mọ́ fún ohun tó lé ní ọdún 10 láìsí iná. Ẹ bá mi ka ọdún láti 1990 wá sí òní. Àwọn tuntun kì í sábà gbára lé bátìrì mọ́, ṣùgbọ́n àwọn àtijọ́ yìí ló wà lọ́jà tòkunbọ̀.

Tí a bá tan ẹ̀rọ, microprocessor lè ro àwọn nọ́ńbà yẹn pọ̀ láti mọ̀ bóyá wọ́n ti yí padà. Èyí tó bá pariwo pé àṣìṣe wà ti ṣe yín lóore. Èyí tó burú ni èyí tí kò sọ nǹkan kan, nítorí ìṣirò yẹn ò lè mọ̀ bóyá ẹ̀yà inú ẹ̀rọ ti gbó. Àbúrò yín á gba ohun tójú ẹ̀rọ sọ gbọ́, á pààrọ̀ ohun tí kò bàjẹ́, oníbàárà á sì sanwó rẹ̀.

Èrò mi ni pé ó yẹ kí gbogbo ilé iṣẹ́ jẹ́ kí ẹni tó ni ẹ̀rọ lè da àwọn nọ́ńbà yẹn kọ. Àwọn kan á ní jìbìtì á wọ̀ ọ́. Rárá o! Kíkà yàtọ̀ sí kíkọ. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ti kíkọ, kẹ́ ẹ ṣí kíkà sílẹ̀. Nígbà kan, HP àti Tektronix máa ń tẹ ìwé àtúnṣe tó ní àwòrán gbogbo ọ̀nà iná inú ẹ̀rọ wọn, ìyẹn ló sì jẹ́ kí àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyẹn ṣì ṣeé tún ṣe lónìí.

Ní báyìí ná, kẹ́ ẹ tó di ẹ̀rọ àtijọ́ sínú páálí, ẹ wá ẹni tó lè ka chip ìrántí rẹ̀ jáde, nítorí wíwọ̀n ọ́n lọ́tun gba ẹ̀rọ tó péye jù ú lọ, irú rẹ̀ kì í sì í sí ní ṣọ́ọ̀bù atúnrédíò. Fáìlì náà ò ju kilobyte mélòó kan lọ. Ẹ fi ránṣẹ́ sí àbúrò náà lórí WhatsApp kí páálí tó wọ ọkọ̀ ojú omi.