Pátákó Ìsọ̀ Kì Í Ṣe Agogo Ìkéde

   

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí jọ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé, ṣùgbọ́n owó wa àti orúkọ wa ló wà nínú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìkànnì ayélujára ni, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní wẹ́ẹ̀bù-sáìtì. Ẹ má sọ pé kò kàn yín. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ẹ ò lè tíì gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa. Ẹgbẹ́ dáwó jọ, a fi ṣe ìkànnì fún ọjà wa. Ọmọkùnrin tó bá wa ṣe é ṣe é tó dán, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Ìgbà tó yá, obìnrin kan wọkọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ó ní òun wá ra gààrí àti èlùbọ́. Ọjọ́ tó wá kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Ọjà ọrọọrún ni tiwa, gbogbo àdúgbò yìí ló mọ̀, ṣùgbọ́n àlejò ò mọ̀. Ó ní òun kà á lórí ìkànnì wa pé, "Ọ̀la ni ọjà o, ẹ tètè dé." Òótọ́ ni, àwa la kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó ti tó oṣù méjì tí a ti kọ ọ́! Obìnrin náà padà lọ́wọ́ òfo, owó ọkọ̀ rẹ̀ sì jó dànù. Ẹ rò ó wò, ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ á tún padà wá?

Kò tán síbẹ̀. Àwọn alátà náà jẹ nínú ìyà yìí. Iye owó tòmátò ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tó pọ̀ yanturu, ni wọ́n kọ sórí ìkànnì. Òjò dé, tòmátò gbówó lórí, iye àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Oníbàárà á na fóònù sí ìyá alátà lójú pé, "Ohun tí ẹ kọ rèé." Àfi bíi pé a ń parọ́. Ìjà tó ṣẹlẹ̀ níbi ìsọ̀ ata lọ́jọ́ kan, Ìyálọ́jà fúnra wọn ló parí ẹ̀.

Ìwé mẹ́fà la kà ní tiwa, a ò sì fi bò. Ṣùgbọ́n ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. A ní kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tó mọ̀ ọ́n fi inú ìkànnì náà hàn wá. Ibẹ̀ la ti rí i pé ẹ̀rọ ò ṣẹ̀ wá. Ibi tí a gbé ọ̀rọ̀ sí ni kò dáa.

WordPress ni wọ́n fi ṣe ìkànnì wa, òun náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn káàkiri ayé ń lò. Bí ẹ bá wọ inú ẹ̀, ẹ ó rí ọ̀rọ̀ méjì ní apá òsì: Posts àti Pages. Àwa á pe Posts ní ìkéde, a ó sì pe Pages ní ojú-ìwé. Bí ẹ bá ṣí méjèèjì láti kọ nǹkan, wọ́n jọra bí ìbejì. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ fi máa ń ṣì wọ́n gbé.

Ìkéde dà bí agogo tí wọ́n ń lù káàkiri ọjà. Ó ní ọjọ́. Èyí tó dé kẹ́yìn ló máa ń wà lókè, á ti ti àná sísàlẹ̀. Ẹ lè kó wọn sí ìsọ̀rí, bíi "Owó ọjà" àti "Ìpàdé", kí ẹni tó ń wá owó ọjà má bàa máa tú ọ̀rọ̀ ìpàdé wò. Ojú-ìwé ní tiẹ̀ dà bí pátákó tí ẹ kàn mọ́ iwájú ìsọ̀. Kì í sábà fi ọjọ́ hàn, ìkéde tuntun kì í tì í lọ síbì kan. Ẹ sì lè to ọ̀kan sábẹ́ èkejì, bí ìlà aṣọ, ìlà ata àti ìlà eran ṣe wà lábẹ́ ọjà kan ṣoṣo.

Ọdún 2003 ni WordPress bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń kọ ọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún, ìkéde ni wọ́n sì ń fi kọ ọ́. Oṣù kejì ọdún 2005 ni wọ́n tó fi ojú-ìwé kún un, torí wọ́n rí i pé ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í gbó. Bí àwọn tó ṣe é fúnra wọn bá rí i pé ó yẹ kí wọ́n yà á sọ́tọ̀, kí ló dé tí àwa á tún fi dà á pọ̀?

Ẹ wá wo àṣìṣe wa. Ọjọ́ ọjà, tí kì í yí padà, la fi ṣe ìkéde. Iye owó tòmátò, tí kì í dúró lójú kan, la gbé sórí ojú-ìwé tí kò ní ọjọ́. A gbé agogo kọ́ ara ògiri, a wá ń gbé pátákó kiri!

Àwọn kan nínú wa ní kí a pa ìkànnì tì, pé WhatsApp ti tó. A ò bá wọn jà, àwa náà ń lo WhatsApp. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá gbé sí "status" níbẹ̀, wákàtí 24 péré ló ń lò. Àlejò tí kò ní nọ́ńbà yín ńkọ́? Àwọn mìíràn ní, "Ṣebí a ti ní page lórí Facebook." Ẹ ṣọ́ra o, orúkọ ló jọra. Lórí Facebook, gbogbo ilé ìtajà yín lápapọ̀ ni wọ́n ń pè ní page, ohun tí ẹ bá sì kọ síbẹ̀ ṣì ń sún sísàlẹ̀ ni.

Ohun tí àwa rò pé ó yẹ kí ẹgbẹ́ ṣe rèé. Kí ojú-ìwé márùn-ún wà: ẹni tí a jẹ́, ọjọ́ ọjà àti ọ̀nà tó wọ ọjà, àwọn ìlà àti ohun tí wọ́n ń tà, òfin òṣùwọ̀n wa, àti bí èèyàn ṣe lè bá wa sọ̀rọ̀. Kí ojú-ìwé kan jẹ́ ẹnu ọ̀nà. Abẹ́ Settings, níbi tí wọ́n kọ Reading sí, ni wọ́n ti ń yan ìyẹn. Bí a kò bá yàn án, ìkéde tó dé kẹ́yìn ni àlejò á kọ́kọ́ bá pàdé, ì báà ṣe ìkéde ìsìnkú. Àdírẹ́sì ojú-ìwé ni kí a tẹ̀ sára ọ̀rá àti káàdì wa, kì í ṣe ti ìkéde.

Owó ọjà, ìpàdé, àti ìlà tí iná bá jó, ìkéde ni gbogbo wọn. Ẹni tó bá ń kọ ọ́ kò gbọdọ̀ kọ "ọ̀la" tàbí "ọ̀sẹ̀ yìí" mọ́. Kó kọ ọjọ́, oṣù àti ọdún sínú ọ̀rọ̀ náà gan-an.

Èyí tó ṣòro jù nìyí: ta ni yóò máa kọ ọ́? Ìkànnì tí ìkéde rẹ̀ ìkẹyìn ti pé ọdún méjì dà bí ìsọ̀ tí aláǹtakùn ti ta wẹ́ẹ̀bù sí lẹ́nu. Àlejò á ní a ti kógbá wọlé. Bí a kò bá rí ẹni tí yóò máa ṣe é, kí a má ní ìkéde rárá. Ojú-ìwé márùn-ún tó jẹ́ òótọ́ sàn ju ogójì ìkéde tó ti kan lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń gbèrò àtiṣe ti ìsọ̀ yín, kí ẹ tó sanwó, ẹ bi oníṣẹ́ náà léèrè: Èwo ni ojú-ìwé, èwo ni ìkéde? Kí ni àlejò á kọ́kọ́ rí? Ṣé ọ̀rọ̀ aṣínà á wà lọ́wọ́ mi? Bí kò bá lè dáhùn, ẹ di owó yín mú.

A ó gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú ìpàdé gbogbogbò tó ń bọ̀. Ẹ wá o, kí ẹ wá sọ tẹnu yín. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Obìnrin tó padà lọ́wọ́ òfo yẹn, a ti ránṣẹ́ ẹ̀bẹ̀ sí i. Kó má tún ṣe ẹlòmíràn.

Ire o.
Akọ̀wé yín.